Ojú Mi, Ọwọ́ Bàbá Odell

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹwàá 2023

Wọ́n gbé e fún mi. Èmi Wilda tí mo ti ń bó awọ ẹran nínú oko ọdẹ yìí láti ọdún mẹ́sàn-án, èmi ni n óò mú oníbàárà lọ dẹ̀gbẹ́! Ọ̀gá Kọfí (n kò lè pè é ní Zuehl nínú ìwé yìí, n kò rí i rí kí ife má wà lọ́wọ́ rẹ̀) sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò lè rọ̀. Chema tó máa ń mú wọn lọ ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo ní mo gbọ́, sà. Mo wọ yàrá òtútù lọ, mo fò sókè láàárín òkú ẹran, mo tún fò.

Oníbàárà náà: Odell Faircloth, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Àgbọ̀nrín dúdú ló fẹ́, irú èyí tí wọ́n kó wá láti Íńdíà láyé ìjọ́sí. Àtọ̀gbẹ ti gba ojú rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà.

Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kejì. Bẹ́ẹ̀ ni. Kò ríran rárá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3

Chema ṣàlàyé fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. A ó so fóònù mọ́ ẹ̀yìn awò ìbọn. N óò dúró lẹ́yìn bàbá náà, ohun tí ìbọn ń wò ni n óò máa rí nínú fóònù. Ọwọ́ rẹ̀ ni yóò fa ìbọn, èmi ni ojú. Òfin Texas gbà á, wọ́n ti ń ṣe é tipẹ́. Ó ní kí n ṣáà rọra: ohùn mi nìkan lè lé gbogbo àgbọ̀nrín ibí yìí dé Mẹ́síkò. Ẹlẹ́sẹ̀ kan ń bú mi.

Ọjọ́bọ̀, 5

Mo rí i! Dúdú bí ìdí ìkòkò, ikùn funfun, ìwo méjèèjì lọ́ bí okùn. Etí òsì ti ya dé ìdí. Ó dúró lórí òkè kékeré tó wà lẹ́yìn odò gbígbẹ bí ẹni ń darí ìpàdé, nítorí náà Alága ni mo sọ ọ́. Ọ̀dọ́ kan ń tẹ̀ lé e lókèèrè. Tó bá ti sún mọ́ tòsí, Alága á kan ìwo mọ́lẹ̀, á lé e. Ìyẹn ni Igbákejì.

Alága ni Bàbá Odell máa pa. Mo ti pinnu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7

Ó wá fi ìbọn dánra wò, òun àti Màmá Lavonne ìyàwó rẹ̀. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n, suwíìtì mínǹtì ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi kó lè mọ bí mo ṣe ga tó, ó ní òun rò pé mo tóbi jù báyìí lọ lórí fóònù. A ṣe àdéhùn: tí mo bá fún èjìká òsì rẹ̀, kó yà sósì, ọ̀tún, bákan náà, tí mo bá fi ìka gbá a lẹ́ẹ̀kan, kó fà á. Ọta àkọ́kọ́ wọ ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún kan bébà tí a fi ṣe àmì. Nígbà tí a fi máa ṣíwọ́, àtẹ́lẹwọ́ kan lè bo ihò márùn-ún mọ́lẹ̀. Màmá Lavonne rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Òun ló sọ fún mi nígbà tí bàbá lọ tọ̀. Kíndìnrín rẹ̀ ti ń kọṣẹ́; Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọdẹ wa, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ń dúró dè é nílé ìwòsàn ní San Angelo, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, títí ayé. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí igbó mọ́. Èyí ni ìkẹyìn.

Mo ròyìn Alága fún un. Ó ní kí n tún un sọ. Ó béèrè etí náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó wá ní:

"N kò yìnbọn sí ohun tí n kò rí rí láyé mi, n kò sì ní bẹ̀rẹ̀ báyìí. Kó o tó gbá mi léjìká, wí ohun tó o rí fún mi. Mo fẹ́ rí i kí n tó pa á. Ṣó o gbọ́, ọmọ mi?"

Mo ní mo gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, 9

Alága wà níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 11

Ó wà níbẹ̀. Ọ̀la ni ọdẹ wa bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 12

Ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ péré ló kù! Bàbá Odell di bẹ́líìtì mi mú lẹ́yìn, a ń rìn bí ẹni ń jí adìẹ gbé. Òun ló kọ́kọ́ mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀, kí èmi ojú tó rí nǹkan kan. Ó ní wọ́n ń jẹko lápá ọ̀tún. Òótọ́ ni. Afẹ́fẹ́ wá yí padà, Alága gbóòórùn wa, gbogbo wọn fò bí ẹni tí ilẹ̀ jó lẹ́sẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn, ó tó òun fún òní. Kò tó èmi.

Ọjọ́ Ẹtì, 13

Òjò. A kò rí ìrù kankan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Àárọ̀, kò sí Alága. Ọ̀sán, kò sí. A jẹ tọ̀tíyà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ àwọn ará Mẹ́síkò, àti ẹ̀wà Màmá Lavonne lábẹ́ igi. Bàbá kò ráhùn, ṣùgbọ́n ó béèrè ibi tí oòrùn dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní agogo mẹ́rin kọjá, a yọ sí ẹ̀bá odò gbígbẹ. Àgbọ̀nrín dúdú kan dá dúró lórí òkè kékeré náà. Mo gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀, mo gbé ìbọn lé e, mo wo fóònù.

Igbákejì ni. Ó dúró sí ipò ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn. Etí méjèèjì pé.

Bàbá béèrè bóyá òun ni.

N kò rò ó. Inú mi ń dùn, ẹ̀rù ń bà mí pé oòrùn ń lọ, mo sì fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Mo ní òun ni. Ó ní kí n wí. Mo wí: dúdú, ikùn funfun, ó kọjú sósì. Mo fi kún un pé etí òsì ya dé ìdí. Ẹnu mi ló sọ ọ́, kò kọ́sẹ̀.

Mo gbá a léjìká. Ó fà á. Ẹran náà ṣubú lójú ẹsẹ̀. Mo pariwo, bàbá ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, a jó lórí òkúta, mo búra.

Ó wá kúnlẹ̀ tì í. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀, ó gba ikùn, ó gba ọrùn, ó dé ìwo. Ó fi ìka méjì mú etí òsì, láti ìdí dé ṣóńṣó. Ó mú ọ̀tún. Ó padà sí òsì. Ó kàn ní ara ẹran náà ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́.

Màmá Lavonne ń dúró dè wá nílé tí a ti ń bó awọ, ṣùgbọ́n kì í wo òkú ẹran. Ó kọjú sí ògiri, ó béèrè bóyá Alága ni. Mo la ẹnu. Bàbá ṣáájú mi.

"Òun ni. Etí òsì rẹ̀ ya dé ìdí."

Ọjọ́ Àìkú, 15

Alága wà lórí òkè láàárọ̀ yìí. Etí yíya, gbogbo rẹ̀.

Mo lọ bá Ọ̀gá Kọfí, mo jẹ́wọ́. Ó gbé ife kalẹ̀. Ó ní kí n padà sídìí ọ̀bẹ àti awọ títí òun yóò fi sọ̀rọ̀. Ó dùn mí, n kò ní purọ́ mìíràn.

Mo pe Bàbá Odell, mo sọ ọ́ kí a tó kíra tán. Ó ní òun ti mọ̀ láti ibi etí. Mo béèrè ìdí tó fi bò mí láṣìírí. Ó ní inú mi ń dùn jù, òun kò lè ba ayọ̀ náà jẹ́.

"Ṣùgbọ́n Alága ni mo rí nígbà tí mo fà á," ó wí, "kò sì sí níbẹ̀. Èyí tí mo pa, n kò tíì rí i. Wí òun náà fún mi."

Mo wí i. Etí méjì tó pé. Òbìrí funfun yí ojú ká. Irun ọrùn tí kò tíì dúdú tán, pupa rẹ̀ ṣì kù lẹ́yìn. Ó ń jẹ koríko lọ́wọ́, ewé kan yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, bí ẹni tí kò gbà pé ibẹ̀ ti di tòun. Bàbá ní kí n tún ti ewé náà sọ. Mo tún un sọ.

"Mo ti rí i báyìí," ó wí. "Ó ṣì kéré, Wilda. N kì bá tí yìn ín níbọn."

Ó ní ó dàbọ̀, kí n sọ òótọ́ fún ìyàwó òun náà, ó sì gbé fóònù fún un.