Àdírẹ́sì tí Gáníyù ò tì ló lé Rísí mi kúrò nílé ọkọ

Mo kórìíra Gáníyù, ọmọ orogún mi. Ọmọ-ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ́ ní kí n rọra, mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀... èmi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń dùn mí.

Múfú ọmọ mi àti Gáníyù yìí, bàbá kan náà ló bí wọn, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n jọ ń ṣe n'Ìbàdàn. Wọ́n ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní ìkànnì fún ọsibítù kan, ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn ló wà nínú ẹ̀. Bí Múfú ṣe là á yé mi, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ló ní àdírẹ́sì tí wọ́n máa tẹ̀ kó tó ṣí. Ọwọ́ ni Múfú fi ń kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: àdírẹ́sì báyìí, ibi báyìí ni kó lọ, èyí tí kò bá kọ, kò ní ṣí. Bí bàbá wọn ṣe ń fi ọ̀nà oko hàn wọ́n l'Ẹ́gbẹ́dá níbí nìyẹn... èyí lọ sódò, èyí lọ sóko ẹ̀gẹ́, èyí tí n ò bá fi hàn ọ́, má gbà á. Gáníyù ò gbọ́ nígbà yẹn, kò gbọ́ báyìí. Ó ní iṣẹ́ arúgbó ni Múfú ń ṣe, kí kọ̀ǹpútà máa fi orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe àdírẹ́sì fúnra ẹ̀, ọtọmátíìkì! Bó ṣe ṣe é nìyẹn, ni gbogbo ẹ̀ bá di ọ̀nà, àtèyí tó jẹ́ pé dókítà nìkan ló yẹ kó rí i... Ta ló ń la ọ̀nà gba inú yàrá ẹni ẹlẹ́ni?

Rísí ọmọbìnrin mi ti pẹ́ nílé ọkọ, kò tíì rọ́mọ bí. Ọsibítù yẹn lòun àti ọkọ ẹ̀ lọ, dókítà ní lára ọkọ ni nǹkan náà wà. Ọkọ bẹ̀ ẹ́ kó bo òun láṣìírí. Rísí bò ó, wọ́n ń pè é lágàn, kò fèsì... Àṣé àbúrò ọkọ ẹ̀ ló ń jókòó nídìí kọ̀ǹpútà lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù náà. Ó fi orúkọ àwọn àdírẹ́sì tó mọ̀ méfò èyí tí kò mọ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣí, ọ̀rọ̀ ọkọ Rísí ló rí níbẹ̀! Ó délé, ó rò fún gbogbo ẹbí, kò sọ ibi tó ti rí i. Ọkọ ní Rísí ló tú òun láṣìírí, ó kó ẹrù ẹ̀ jù síta. Ọmọ tó pa ẹnu mọ́... òun ni wọ́n wá ń sọ pé ọ̀rọ̀ ò dúró níkùn ẹ̀!

Múfú ló wo inú kọ̀ǹpútà tó rí i bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ti ibẹ̀ pa, ó wá dọ̀bálẹ̀ pé kí n má sọ, pé bí ọsibítù bá gbọ́, wọ́n á lé àwọn méjèèjì. Gáníyù ńkọ́? Ó gbé iṣu wá kí mi! Ó ní òun ò mọ̀ pé ẹnì kan máa tẹ ohun tí wọn ò fi hàn án. Ìwọ tó jẹ́ pé ọ̀nà tí wọn ò fi hàn ọ́ lo fi gbogbo kékeré ẹ rìn! Wàláhì, mo ní kó gbé iṣu ẹ̀ kúrò níwájú mi.

Rísí wà lórí ẹní mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò jẹun. Ṣé kí n lọ bá àwọn àna mi, kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ gbà jáde, kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Múfú nítorí àìgbọràn Gáníyù? Àbí kí n dákẹ́, kí wọ́n máa fi Rísí ṣe olófòófó títí ayé? Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ dá mi lóhùn... èwo nínú ọmọ mi méjèèjì ni kí n tì síta?