Àpò Ìsùn fún Àbúrò Gọ́gọ́rọ́

                                        Ṣọ́ọ̀bù Atúnkẹ̀kẹ́ṣe,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹwàá.

Tíṣà, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Ṣé orúnkún Màmá ti ń gbádùn, àbí wọ́n ṣì ń fi ọ̀pá lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ kúrò lójú fèrèsé? Ara tèmi le, a dúpẹ́. Táyà ń jò, èmi náà ń lẹ̀ ẹ́. Ọkàn mi nìkan ni kò sí nílé.

Ní ọjọ́ Ajé, àbúrò Gọ́gọ́rọ́, èyí tó ń ránṣọ, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Bó ṣe tẹ orí ba kó tó lè wọlé, bí bọ̀ọ̀dá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́, sípánà bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà tí bọ̀ọ̀dá mi gbà. Mo ti ní kẹ̀kẹ́, mo ti ní àgọ́. Ẹ bá mi yan àpò ìsùn tí màá máa wọ̀ sùn lórí òkè, èyí tó fúyẹ́." Mo fẹ́ sọ pé mi ò ráyè, àmọ́ ẹnu mi ti gbà kí ọkàn mi tó gbọ́.

Tíṣà, ohun kan wà tí mo ní láti sọ fún ọ. Lẹ́yìn ìsìnkú Gọ́gọ́rọ́ ọ̀rẹ́ wa, mo kọ̀wé sí ọ pé òun ló fúnra rẹ̀ yan àpò tó wọ̀ sùn. Irọ́ ni. Wọ́n ní irọ́ a máa sáré fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a lọ́jọ́ kan. Tèmi ò tíì pé mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí a lọ rà á, Gọ́gọ́rọ́ di èyí tó nípọn mú, mo sì fi í rẹ́rìn-ín, mo ní ṣé mátírẹ́ẹ̀sì ló fẹ́ gbé gun òkè ni. Mo fi ìka kan ṣoṣo gbé èyí tó fúyẹ́ sókè. Mo ní, "Wò ó, kò wúwo ju ẹ̀wù lọ." Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ló wà nínú rẹ̀. Ìyẹ́ a máa mú ara gbóná dáadáa, ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ̀ ọ́, á ṣù jọ, ó tán nìyẹn. Òjò nà wá lórí òkè ní ọjọ́ kejì tí èmi àti ẹ̀ gbéra. Èmi wà nínú tèmi, ògbólógbòó tó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì, mo sun oorun àsùnwọra. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé omi tíì kaná, mo pè é. Kò dáhùn títí dòní.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ń fẹ́ táyà lọ́wọ́, mo máa ń gbọ́ tí ẹnì kan ń fa síìpù lẹ́yìn mi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí n mọ̀. Ọ̀sán gangan ni o, kì í ṣe òru. Mo ti bojú wẹ̀yìn títí ó fi sú mi.

Ní Ọjọ́rú, èmi àti àbúrò rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù ìrìn-àjò. Ọlọ́jà tẹ́ mẹ́ta sílẹ̀. Mo ń ti èyí tó wúwo jù sí i ṣáá, ó ń fẹsẹ̀ tì í padà. Ó ní tí òun bá gbé oúnjẹ àti omi lé e, òun ni yóò máa gbé kẹ̀kẹ́ gun òkè, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ni yóò gbé òun. Ó wá yí inú èyí tó fúyẹ́ jù síta, ó fi èékánná tọ ojú ibi tí wọ́n ti rán an. "Ẹ wò ó, wọ́n rán an já láti ìta dé inú. Gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ gbà yìí ni òtútù máa gbà." Èmi náà fi nọ́ńbà méjì tó wà lára rẹ̀ hàn án. Ọ̀kan ni ìwọ̀n òtútù tí èèyàn lè sùn nínú rẹ̀. Èkejì, tí wọ́n kọ gàdàgbà, ìwọ̀n èyí tí èèyàn kàn lè là já láìkú ni. Èyí tí wọ́n kọ gàdàgbà yẹn ni mo kà fún Gọ́gọ́rọ́.

Mo ní, "Àbúrò, èmi ni mo yan ti bọ̀ọ̀dá rẹ."

Kò wò mí, ó ń ká àpò náà lọ. "Mo mọ̀. Bọ̀ọ̀dá pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Inú wọn dùn, wọ́n ní ẹ fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́."

"O mọ̀, o sì tún wá bá mi?"

"Ta ni kí n lọ bá? Ẹni tí kò tíì ṣì í yàn rí? Ẹ̀yin ò ní ṣì í yàn mọ́ láéláé."

Mi ò mọ̀ bóyá ìdáríjì nìyẹn. Mi ò bi í.

Èyí tó wà láàárín la mú: kílò kan àti díẹ̀, òwú àtọwọ́dá tí omi kì í tètè rí mú ló wà nínú rẹ̀, ó sì gba ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ. Mo ní kó wọ̀ ọ́ wò lórí ilẹ̀ níbẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó fa síìpù dé ọrùn, ó di ojú. Tíṣà, Gọ́gọ́rọ́ ni mo rí. Mo pariwo "Dìde!" débi pé ọlọ́jà sáré jáde. Ó la ojú, ó rọra ní, "Ẹ̀gbọ́n, mò ń mí."

Àárọ̀ yìí ló gbéra. Mo gun kẹ̀kẹ́ sìn ín dé ibi tí títì ọlọ́dà pin sí. Mo ní kí n bá a lọ, ó kọ̀, ó ní ọ̀rọ̀ wà tí òun fẹ́ bá bọ̀ọ̀dá òun sọ tí kò kàn mí. Awakọ̀ akẹ́rù ni mo fi lẹ́tà yìí rán, kó lè ṣáájú ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ. Tí ọmọ náà bá sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, ẹnu ọ̀nà rẹ ni yóò gbà kọjá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin òní.

Bá mi kí ìyàwó, bá mi kí Màmá gidigidi. Bínú sí mi bó o bá fẹ́, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n kó o tó bínú, gbé àga síta, kó o dúró de ọmọ yẹn. Má bi í bóyá ó sùn dáadáa. Ṣáà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bó bá gbóná, kọ ọ̀rọ̀ kan péré ránṣẹ́ sí mi, kó o kọ ọ́ pé ó gbóná.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó kù,
Alátáyà.