Ìkẹ́dùn Lórí Ikú Alhaji Làtíìfù Àrẹ̀mú Ṣóbándé, Kóòṣì Básíkẹ́tìbọ́ọ̀lù ní Peckham

Sí Alhaja Àsúmáù Ṣóbándé àti àwọn ọmọ,

Ọkàn wa gbọgbẹ́ bí àwa Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Mùsùlùmí Yorùbá, Peckham, ti ń kọ̀wé sí yín lórí ikú ọkọ yín, bàbá gbogbo wa, tí Ọlọ́run pè ní Àlàmísì tó kọjá. Wọ́n dàgbà, a mọ̀. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọjọ́ orí tù yín nínú, nítorí kì í ṣe ogbó nìkan ló pa wọ́n.

Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì dáyé, básíkẹ́tìbọ́ọ̀lù ni Alhaji fi ń jẹun. Èkó ni wọ́n ti wọkọ̀ ojú omi, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan sì gbà wọ́n síṣẹ́ nílẹ̀ Faransé ní ìparí àwọn ọdún 1950. Èrò á pàtẹ́wọ́ fún wọn títí. Tí eré bá parí, àwọn tí wọ́n jọ gbá a á lọ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, Alhaji á sùn sínú bọ́ọ̀sì, torí òtẹ́ẹ̀lì náà kì í gba aláwọ̀ dúdú. Wọn kì í ráhùn. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa kò ju pé bọ́ọ̀sì náà tutù.

Nígbà tí wọ́n dé Peckham, wọ́n di kóòṣì ní gbọ̀ngàn àtijọ́ tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí wa. Ẹ̀yin náà mọ òfin wọn, Alhaja, torí ẹ̀yin lẹ ń fọ aṣọ eré: Yorùbá nìkan, kí ẹgbẹ́ kejì má baà mọ ohun tí à ń sọ. Bí eré ti wù kó le tó, àbúrò ò gbọdọ̀ fi “ìwọ” tọrọ bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá dán an wò á lọ jókòó. Ayò tí a pàdánù nítorí ọ̀wọ̀ yìí kò kéré, Alhaji ò sì yí i padà. Rahmah, ọmọ tí wọ́n bí sí Stockwell, kò gbọ́ Yorùbá kankan nígbà tó kọ́kọ́ wá ṣeré lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó yá, ó bá ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìsí ògbufọ̀, mummy rẹ̀ sì bú sẹ́kún ní kíṣìn. Tí bọ́ọ̀lù bá ti ń bọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni Alhaji máa ń ké sí gbogbo wọn: “Ẹ má jẹ́ kó bọ́.”

Inú ìwé ìkẹ́dùn kọ́ ló yẹ ká ti máa bínú. Ẹ forí jì wá. Àwọn tó ra gbọ̀ngàn náà láti fi kọ́ fúláàtì pe Alhaji ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, wọ́n fún wọn ní àwo dídán tí orúkọ wọn wà lára rẹ̀, wọ́n bá wọn ya fọ́tò, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì ti ilẹ̀kùn pa. Alhaji bẹ̀ wọ́n pé kí àwọn ọmọ ṣì máa ṣeré níbẹ̀ títí iṣẹ́ á fi bẹ̀rẹ̀. Wọn ò gbà. Títí di òní, bíríkì kan ò tíì gun orí ìkejì. Gbogbo Sátidé ni Alhaji ń wọ bọ́ọ̀sì láti ilé yín ní Forest Hill wá dúró síwájú ilẹ̀kùn títì náà, kí ọmọ kankan má baà wá kó má bá ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni òtútù àyà ti mú wọn. Àwọn oníkọ́lé yẹn ti fi òdòdó ránṣẹ́ o. A ti dá a padà, ẹ má bínú pé a ò kọ́kọ́ bi yín.

Ní itẹ́ òkú, Káyọ̀ àti Yọ̀mí, tí Alhaji kọ́ ní bọ́ọ̀lù, ló wọ inú sàréè láti gba òkú. Bí a ti ń sọ Alhaji kalẹ̀ sí wọn lọ́wọ́ ni a gbọ́ ohùn Rahmah láti ẹ̀yìn, níbi tí àwọn obìnrin dúró sí: “Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bọ́ o.” Kò sẹ́ni tó bá a wí.

Ẹgbẹ́ yóò bójú tó gbogbo oúnjẹ fídáù. Láti Sátidé tó ń bọ̀, yàrá ńlá abẹ́ mọ́ṣáláṣí di ti àwọn ọmọ, Káyọ̀ ni kóòṣì, òfin Alhaji kò sì yí padà.

Kí Ọlọ́run Allah forí ji Alhaji Àrẹ̀mú, kí Ó fún wọn ní ilé ní Àlùjánńà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní í ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn síta. Ẹ̀yin Alhaja àti àwọn ọmọ, kí Ó tù yín nínú, kí Ó dì yín mú, kí Ó má jẹ́ kí ẹ bọ́. Àmín.

Mìsítúrà Akíngbadé
Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́