Ọ̀kẹ́rẹ́ Ti Pọ̀, Wọ́n Ní Kí N Máa Lọ

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le kankan, ẹ má fòyà.

Ṣé ẹ rántí àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ tí ìran wọn fẹ́ pa rẹ́ nínú igbó tí mo ń ṣọ́? Wọ́n ti bí sí i, wọ́n ti rẹ̀ sí i! Wọ́n tiẹ̀ ń sáré lórí òrùlé ọ́fíìsì. Èmi tí mo fi sírínjì fún ọmọ wọn ní mílíìkì, tí mo ń tú tàkúté ọdẹ kiri nínú òjò, inú mi dùn.

Àfi bí ọ̀gá wa ṣe pè wá jọ, tó pàtẹ́wọ́ fún wa, tó ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ò nílò ẹ̀ṣọ́ mọ́. Ẹ kó ẹrù yín kúrò nílé ẹ̀ṣọ́."

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé torí pé a ṣiṣẹ́ náà dáadáa lẹ fi ń lé wa?"

Ó rẹ́rìn-ín. Màmá, ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín! Wọ́n ní ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá. Èmi tí kì í ṣe ọdẹ ńkọ́, kí ló dé tí ojú tèmi náà fi dá? Ká ní a jẹ́ kí wọ́n máa kú ni, à bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìwà ìkà gbáà ni!

Ẹ má dààmú. Mo wà lọ́dọ̀ awakọ̀ wa. Pálọ̀ rẹ̀ tura, a sì pọ̀ níbẹ̀, ẹnì kan ò dá sùn. Ẹ sáà sọ fún àbúrò mi kó má tíì máa bọ̀; òtútù mú jù níbí.

Ẹ bá mi kí bàbá àti gbogbo ará ilé. Tí wọ́n bá bèèrè iṣẹ́ mi, ẹ ní àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ ń ṣe dáadáa.