Àga Gíga Tí O Fi Ránṣẹ́

Abdulrazaq Àkànní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ Àbújá ńkọ́? Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ. Àwa náà wà ní Ìlaré, à ń jẹ, à ń mu. Èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ kọ ìwé yìí, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ṣeé sọ lórí fóònù mi tí gbogbo àdúgbò máa ń bá mi gbọ́.

Orúnkún tuntun tí o fowó rẹ ṣe fún mi ń ṣe dáadáa. Ẹni tó ń kọ́ mi ní rírìn ní ọsibítù bi mí pé máàkì mélòó nínú mẹ́wàá ni mo fún ìrora náà, mo ní mẹ́wàá. Àkànní, n kò gba máàkì kékeré rí nílé-ìwé, ṣé orí orúnkún ni n óò ti wá fìdí rẹmi? Wọ́n bá fún mi ní oògùn kan tí mo fi sùn láti àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Alásàárì. Láti ìgbà náà, mẹ́sàn-án ni mo ń fún un.

Àwọn ẹrù tí o fi ránṣẹ́ dé láyọ̀. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi ń rìn, bí mo bá sì jókòó, mo ń sá aṣọ lé e. Àpò yìnyín, orúnkún ń lò ó láàárọ̀, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ń lò ó lọ́sàn-án, wọn kò bá ara wọn jà. Ọ̀pá gígùn tó ń lanu yẹn ni mo fi ń ṣa ohun tó bá bọ́ sílẹ̀, níjẹta ni mo sì fi mú adìẹ Bàbá Fáṣínà aládùúgbò wa tó wọlé wá jẹ àgbàdo mi.

Ṣùgbọ́n àga gan-an ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tí mo dé láti ọsibítù, ẹ̀gbọ́n mi Sẹ̀kínát wá kí mi láti Ìpetumodù. Lóòró ni mo wà tí mo fi kí wọn, nítorí dókítà ní n kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò kí ẹ̀gbọ́n mi lóòró rí. Wọn kò jókòó, wọn kò mu omi, wọ́n ní àwọn ń lọ. Oṣù méjì gbáko, n kò fojú kàn wọ́n mọ́. Bí mo bá pè wọ́n, wọn á ní ara àwọn kò yá, èmi sì mọ̀ pé ìbínú ni. Ó dùn mí ju orúnkún lọ, àwa méjì péré ló kù nínú ọmọ ìyá wa.

Nígbà tí mo wá tú àga náà nínú páálí, mo rí i pé ó ga ju gbogbo àga ilé yìí lọ, ó ní apá méjì, ó sì ní ihò láàárín, mo ní ihò atẹ́gùn ni, fún àgbà tó bá ń làágùn. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé rẹ̀, àmọ́ àwòrán òyìnbó arúgbó kan wà níbẹ̀ tó jókòó bí ọba, tó ń rẹ́rìn-ín. Mo bá rò ó pé bí èmi kò bá lè sọ̀kalẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹ̀gbọ́n mi gòkè. Mo gbé àga sí àárín pálọ̀, mo tẹ́ aṣọ àrán lé e, mo da ẹ̀pà sínú garawa kékeré tó bá a wá, mo sì rán Bàbá Fáṣínà kó lọ bá mi bẹ̀ wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi dé lọ́jọ́ Àlàmísì. Wọ́n wo àga náà títí, wọ́n jókòó. Èmi náà jókòó sí àga tèmi nísàlẹ̀, mo tẹrí ba, mo kí wọn. Ojú wọn rọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ̀pà.

Ibẹ̀ ni Comfort, nọ́ọ̀sì tó háyà yàrá ẹ̀yìn wa, wọlé láti wo orúnkún mi. Ó yanu sílẹ̀. Ó sọ ọ́ sí mi létí pé àga ìgbọ̀nsẹ̀ ni, pé garawa ẹ̀pà yẹn gan-an ni ìgbọ̀nsẹ̀ ń bọ́ sí. Etí ẹ̀gbọ́n mi kò di láti kékeré. Wọ́n gbọ́. Ẹ̀pà dúró lẹ́nu wọn. Mo ní ó ti tán, ó di àlùkìyámọ̀ kí àwa méjì tó tún ríra.

Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di apá àga mú, wọ́n sì dìde. Wọ́n jókòó padà, wọ́n tún dìde. Omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní láti ààwẹ̀ èṣí, àwọn ọmọ ló ń fa àwọn dìde, pé ọjọ́ tí àwọn wá kí mi, àwọn kò jókòó nítorí àwọn kò ní lè dìde lójú àwọn àlejò mìíràn tó wá kí mi, àwọn kò sì mu omi nítorí àwọn kò lè lóṣòó ní ṣáláńgá mọ́. Àkànní, àṣé orúnkún ni mo ń pè ní ìbínú! Mo sunkún, wọ́n ní kí n dákẹ́, wọ́n ní garawa tuntun ni, wọ́n sì jẹ ẹ̀pà tó kù tán.

Wọ́n ti gbé àga náà lọ sí Ìpetumodù lórí takisí. N kò lè ní kí wọ́n má gbé e. Nítorí náà, jọ̀wọ́, fi òmíràn ránṣẹ́, àti owó tí n óò fi mú ẹ̀gbọ́n mi lọ rí dókítà tó ṣe tèmi. Má ra aṣọ iléyá fún mi lọ́dún yìí, èyí tó wà nílẹ̀ kò tíì ṣá.

Bí o ṣe jẹ́ kí á dìde, Ọlọ́hun yóò máa gbé ọ dìde, o kò ní jókòó síbi tí wàá ti máa wá ẹni tí yóò fà ọ́. Láàárọ̀ yìí, Comfort náà bi mí pé mélòó nínú mẹ́wàá. Mo ní kó kọ òdo.

Èmi ni ìyá rẹ, Hàlímàt, ẹni tó gba òdo tí inú rẹ̀ ń dùn.