Báàgì tí Mo Fi Gbé Kẹ̀kẹ́ Wọ Bàálù

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ti dé láti Kìgálì. Ìjẹta ni bàálù gbé wa dé Ìlọrin. Itan ṣì ń ro mí díẹ̀, ṣùgbọ́n àlàáfíà ni mo wà. Màámá náà wà dáadáa. Wọ́n ń yan ẹ̀pà lẹ́yìnkùlé báyìí, òórùn rẹ̀ ń wọlé bá mi níbi tí mo jókòó sí. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ sọ, ẹ̀yin ló sì yẹ kí n sọ ọ́ fún.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé bí ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni bá ti wà ní ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀, ẹ̀yìn òkè Sóbí ni mo máa ń wà, tí mò ń gun kẹ̀kẹ́ lórí àpáta àti yanrìn. N kò tíì fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n yan àwa mẹ́ta láti Ìlọrin pé ká lọ bá àwọn ará Rùwáńdà díje lórí òkè wọn. Inú mi dùn fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé kí ni mo máa gbé kẹ̀kẹ́ náà sí. N kò wọ bàálù rí, ká má tíì sọ ti kẹ̀kẹ́.

Kẹ̀kẹ́ yẹn náà ni, Bàbá, èyí tí àwa méjèèjì tò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Gàmbàrí, tí ẹ fi odidi ọ̀sẹ̀ kan tọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ títí tó fi ń yí láì mì. Bí wọ́n bá fọ́ ọ mọ́ mi lọ́wọ́, mo lè rí òmíràn lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín kò ní kan ìyẹn láéláé.

Ràfíù, ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta, ló kọ́kọ́ yá mi ní àpótí ike líle kan tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin lábẹ́. Ẹ̀ bá fẹ́ràn rẹ̀. Bí ènìyàn bá gun orí rẹ̀, kò ní tẹ̀. Mo gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n ìyá kan tó ń ta ìrẹsì ní Ọjà Tuntun. Òfìfo rẹ̀ nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo ìwọ̀n ẹrù tí wọ́n gbà mí láàyè láti gbé tán. Ìyá onírẹsì wo òṣùwọ̀n, ó wo mí.

“Àǹtí,” ó ní, “àpótí yìí gan-an ni ẹrù.”

Mo dá a padà fún Ràfíù. Mo wo páálí tí kẹ̀kẹ́ tuntun máa ń bá wá. Ìyẹn fúyẹ́, àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́ sì fẹ́ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n òjò ti bẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá bá a níta níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sínú bàálù, páálí á di ẹ̀kọ.

Lẹ́yìn náà ni mo rí báàgì aláṣọ kan lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń ta àlòkù nítòsí Post Office. Aṣọ rẹ̀ ki, fóòmù wà nínú rẹ̀ yíká, síìpù rẹ̀ sì ṣì ń lọ geere. Ó fúyẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé kò fẹ̀. Ẹni tó bá máa lò ó gbọ́dọ̀ tú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dáadáa: ẹsẹ̀ méjèèjì, ọwọ́ rẹ̀, pẹ́dà, àti irin kékeré ẹ̀yìn yẹn tó ń gbé ṣéènì láti eyín kan sí òmíràn. Mo dúró níbẹ̀, mo ń rántí bí ẹ ṣe máa ń sọ pé kí ènìyàn tó di ẹrù, kó kọ́kọ́ wo ibi tí yóò ti dun ẹrù náà. Mo wo kẹ̀kẹ́ mi lọ́kàn mi, mo mọ gbogbo ibi tó ti máa dùn ún. Mo ra báàgì náà.

Pẹ́dà òsì ló dí mi lọ́wọ́. Mo yí i sí apá tí ẹ kọ́ mi, apá tó yàtọ̀ sí ti ọ̀tún. Kò mira. Mo da epo sí i, mo sùn tì í, kò mira. Ó wá ku kí n gbé e lọ bá Bàbá Sùlé, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lọ́nà Post Office, ẹsẹ̀ mi sì wúwo láti lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí. Lọ́dún tí ọwọ́ yín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi, kò le tó, ó sì yí mọ́ mi lọ́wọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. N kò sọ fún yín. Láti ọjọ́ náà, Bàbá Sùlé ni mò ń gbé e lọ bá ní ìkọ̀kọ̀. Ní Jímọ́ọ̀ kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fọwọ́ kan ṣéènì rẹ̀, ẹ wo gíríìsì tó wà níbẹ̀, tí kì í ṣe irú tiyín. Ẹ nu ìka yín sára ṣòkòtò. A wọlé, a jẹun. A kò sọ ọ́ títí Ọlọ́run fi pè yín. Ó ń dùn mí pé mo dójú tì yín nínú iṣẹ́ yín.

Bàbá Sùlé ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà, ó tẹ̀ ẹ́, pẹ́dà náà ké, ó tú.

“Bàbá ẹ kọ́ ẹ dáadáa,” ó ní. “Ọ̀pọ̀ ló máa ń yí i sí òdì.”

Mo ní, “Wọn ò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ni mò ń gbé e wá nígbà yẹn. Mi ò lè sọ fún wọn.”

Ó gbójú sókè. “Àwọn tó wá bá mi? O ò tíì dé ọ̀dọ̀ mi rí nígbà tí wọ́n wá. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ò dúró mọ́, pé ọmọ àwọn máa tó gbé kẹ̀kẹ́ ẹ̀ wá, kí n má jẹ̀ẹ́ kó mọ̀ pé àwọn wá. Sípánà tó wà lọ́wọ́ mi yìí, àwọn ni wọ́n mú un wá fún mi. Mi ò ní irú ẹ̀.”

Mo wo sípánà náà. Rọ́bà pupa tí ẹ fi we ìdí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Bàbá, ọjọ́ wo lẹ lọ? Ṣé ọ̀kadà lẹ gùn, àbí ẹ fẹsẹ̀ rìn láti Gàmbàrí pẹ̀lú sípánà yẹn lọ́wọ́? Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi? Àbí èmi ni ẹ kò fẹ́ kí ojú tì?

Mo tú ìyókù fúnra mi. Mo fi aṣọ Màámá tó ti gbó we àwọn irin, mo ki fóòmù sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Ní Kìgálì, ẹrù gbogbo ènìyàn jáde, tèmi kò jáde. Mo dúró títí ibẹ̀ fi dá. Wọ́n wá gbé e jáde láti ẹnu ọ̀nà mìíràn. Mo ṣí i sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Wáyà ẹsẹ̀ iwájú kan ṣoṣo ló tẹ̀, mo sì tọ́ ọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́jọ́ ìdíje, mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan, mo dìde, mo parí rẹ̀ láàárín èrò. N kò gba ẹ̀bùn. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn kò mì rárá.

Lánàá, bí mo ṣe ń tò ó padà lágbàlá, Màámá dúró tì mí, wọ́n ń wò ó. Wọ́n ní, “Ogójì ọdún ni mo fi fẹ́ oníkẹ̀kẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí rí bóyá mo fẹ́ gùn ún.”

Mo bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn fẹ́. Lọ́la, lẹ́yìn ìrun Àsárì, a máa lọ sí pápá ilé-ẹ̀kọ́ mi níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Wọ́n ti yọ ṣòkòtò tí wọ́n máa wọ̀ sábẹ́ ìró. Èmi ni mo máa di ìdí ìjókòó mú.

Ṣé lóòótọ́ ni ẹ kò bi wọ́n rí, Bàbá?

Kí Ọlọ́run bá mi tẹ́ yín sí Alùjánnà, kó jẹ́ kí ọwọ́ yín sinmi.

Èmi tí ẹ máa ń pè ní Ìyá Mi, tó ń fi ìfẹ́ kí yín láti ilé.