Yutong Ti Ń Gbọ́ Èdè Òyìnbó

Mummy mi,

Ẹ kú ilé o. Mo kí Daddy, mo kí Uncle Amos àtàwọn ọmọ wọn. Ara wa le ní Plumstead nílùú òyìnbó níbí. Òtútù ti ń dínkù, Moráyọ̀ ọmọ mi sì ti ń rìn.

Mummy, ẹ bá mi yọ̀! Ẹ rántí Yutong, ọmọ China tí mo ń kọ́ ní èdè òyìnbó lórí kọ̀ǹpútà? Ó ń kà á dáadáa, àmọ́ tí wọ́n bá ti ń sọ ọ́, kì í gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́ ohùn mi, ó ní tíṣà òyìnbó gidi lòun ń wá. Yutong ló yarí: "Auntie yìí kì í kánjú. Òun ni mo fẹ́."

Àná ni èsì ìdánwò èdè òyìnbó ilé-ìwé girama wọn jáde. Òun ló gba ipò kìíní ní kíláàsì, nínú kíkà àti nínú gbígbọ́! Ìyá rẹ̀ pè mí fúnra rẹ̀, Yutong sì ń túmọ̀: "Tíṣà, ẹ má bínú. Àbúrò Yutong náà ń bọ̀ wá kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ yín." Mo hó yè, Moráyọ̀ náà ń pàtẹ́wọ́.

Ẹ máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kí ẹ sì bá mi fi ẹ̀gúsí ránṣẹ́. Ẹ ó pẹ́ jẹ èrè gbogbo wa.

Àrínọlá yín.